Fọ́tò Inú Orí Ni Mo Yà Títí Mo Fi Fẹ̀yìn Tì

Títí ìyá bàbá mi fi kú, iṣẹ́ onífọ́tò ló gbà pé mò ń ṣe. Ó ti sọ fún gbogbo ojúlé tó yí wa ká ní Ìtòkú pé ọmọ-ọmọ òun obìnrin ń ya fọ́tò ní ọsibítù ìjọba, pé ẹni tó bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí tó fẹ́ fọ́tò ìwé ìrìnnà kó wá rí òun. Nígbà táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá lóòótọ́, mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un pé inú ara ni mò ń yà, kì í ṣe ojú. Ó wò mí títí, ó ní, "Inú ara kẹ̀? Ta ló máa gbé ìyẹn kọ́ sí pálọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò bá a jiyàn. Fọ́tò náà ni, ó kàn jẹ́ pé ẹni tí a yà kì í sábà fẹ́ wò ó ni.

Raliatu ni orúkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo lò nídìí ẹ́síréè àti àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e nílùú Abẹ́òkúta yìí. Láìpẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbarà pè mí pé kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Wákàtí kan ni wọ́n fún mi, mi ò tíì débi tí ọ̀rọ̀ ti dùn tí aago fi lù. Ẹ̀yin ọmọ náà lẹ ní kí n lọ kọ ìyókù sílẹ̀. Òun nìyí.

Aṣọ ni wọ́n ń tà nílé wa, láti ìgbà bàbá bàbá mi. Bàbá mi ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n tó parí ìwé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn ju aṣọ lọ, mo gba fọ́ọ̀mù, mo yege, mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ìjọba gbà mí síṣẹ́. Bàbá mi fi ọ̀sẹ̀ méjì bínú, ó sì tún gbàgbé. Kò sí ìtàn púpọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá Ọ̀gá Ṣóbándé pàdé ni ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Ṣóbándé ni olórí ẹ̀ka ẹ́síréè nígbà náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, kì í pariwo. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ẹ́síréè. Mo rò pé ó fẹ́ fi nǹkan hàn mí ni. Ó ní n ò gbọdọ̀ mira, ó sì jáde lọ. Tábìlì yẹn tutù bí yìnyín, ó le, iná orí rẹ̀ ń wọ̀ mí lójú. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń ro mí, imú ti ń yún mi, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ara ìwọ yá o. Ẹni tí a máa gbé wá síbí lẹ́yìn ìwọ, ara rẹ̀ kò yá. Rántí ìyẹn kó o tó sọ fún un pé kó dúró jẹ́ẹ́."

Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Fíìmù la ń lò nígbà yẹn. Tí a bá ti ya àwòrán tán, a ó gbé fíìmù wọ yàrá òkùnkùn, a ó rì í bọ inú omi oògùn, a ó fi omi ṣàn án, a ó gbé e kọ́ kó gbẹ. Òórùn omi oògùn yẹn kì í kúrò lára mi. Bí mo bá délé, ìyá mi á ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó wá kí òun. Tí fíìmù bá ṣókùnkùn jù, tàbí tí ìka mi bá hàn lára rẹ̀, Ọ̀gá kò ní bú mi. Á kàn gbé e sójú gíláàsì tó níná lẹ́yìn, á pè mí, á ní, "Ta ni dókítà máa fi èyí wò sàn?" Á fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì níwájú mi. Ojú mi á sì wálẹ̀.

Ó kórìíra kí ẹnikẹ́ni máa fi ibi tó ń dun aláìsàn pè é. Tí mo bá ní, "Ọ̀gá, orí kan wà níta," kò ní dá mi lóhùn títí màá fi lọ wo orúkọ ẹni náà kí n tó padà wá. Lẹ́yìn iṣẹ́, á fi àwòrán kan sójú iná, á ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀ kí dókítà tó kà á. Tí mo bá ti ní "mo rò pé", á dá mi dúró. Ohun tí mo rí nìkan ló fẹ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ní ti inú orí, ohun tí a ń rí kò tó nǹkan. Ẹ́síréè máa ń fi egungun orí hàn dáadáa, kò lè fi ọpọlọ hàn. Tí kókó, ìyẹn ẹran tó hù sódì, bá wà nínú ọpọlọ, egungun bo gbogbo rẹ̀. A lè rí ibi tí egungun ti fẹ́lẹ́, kí a sì máa fura. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò fura sí rárá.

Ìgbà tí ẹ̀rọ CT dé ni ojú wa là. Òrùka ńlá kan ni, orí aláìsàn á wọ àárín rẹ̀, ẹ̀rọ á sì gé àwòrán ọpọlọ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì. Ó ku díẹ̀ kí Ọ̀gá Ṣóbándé fẹ̀yìn tì nígbà náà. Mo rò pé á ní òun ti dàgbà jù fún kọ̀ǹpútà. Ìwé àkọsílẹ̀ tuntun ló lọ rà. Ó jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, ó ń pè é ní "tíṣà", ó sì ń kọ gbogbo bọ́tìnnì tí ó tẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù méjì, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ yẹn lò jù ú lọ nínú gbogbo wa.

Ẹ̀rọ CT yẹn ni mo fi ṣe àṣìṣe tí mo máa gbé dé sàréè.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Làmídì ni. Ó ń wa ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò. Orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti ń ju nǹkan sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló mú un wá. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn kan dúró sí ẹnu ọ̀nà. A ti ń ya àwòrán rẹ̀ lọ nígbà tó yí orí díẹ̀. Mo rí i pé ó yí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí n gún oògùn kan sínú iṣan rẹ̀, oògùn tó máa ń jẹ́ kí ibi tí kókó ti ba nǹkan jẹ́ tàn nínú àwòrán. Mo wá iṣan lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ ò wọlé. Mo wo àwọn tó ń dúró níta. Mo ní kó máa dìde, pé ó ti tó.

Àwòrán tí mo gbé fún dókítà nìyẹn, àwòrán tó ṣe bàìbàì, tí kò ní oògùn nínú. Dókítà rí kókó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó rí jọ èyí tó ń rọra dàgbà. Ó kọ ọ́ pé kí Làmídì sinmi ọkọ̀ wíwà, kó máa lo oògùn, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Kò lò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbé e padà wá. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀gá Ṣóbándé fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán kejì, ó sì rí iṣan rẹ̀. Kókó náà tàn yípo bí òrùka iná, àárín rẹ̀ ti kú dúdú, ọpọlọ tó yí i ká ti wú. Kókó tó burú jù lọ ló máa ń rí báyẹn. Làmídì kú kí oṣù náà tó parí.

Ohun tó pa mí lára jù ni pé ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ṣe sùúrù fún ọkọ òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, pé òun kò gbàgbé.

Mo lọ bá Ọ̀gá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí pé á lé mi jáde, tàbí kó káàánú mi. Kò ṣe méjèèjì. Ó ní, "Mi ò ní sọ fún ẹ pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹ. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn ì bá yè. Ṣùgbọ́n o ya àwòrán tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé kò dáa, o sì gbé e fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ." Mo ní mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n lọ máa ta aṣọ. Ó ní tí mo bá lọ, ẹni tó máa gba ipò mi kò tíì ṣe irú àṣìṣe yìí rí, á sì ní láti ṣe tirẹ̀ kó tó gbọ́n. Ó ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìwà kókó.

Ohun tí mo sì fi ìyókù ayé iṣẹ́ mi ṣe nìyẹn. Mo tún padà sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí mo ti bímọ mẹ́ta. Mo kọ́ pé kókó ọpọlọ kì í ṣe ọ̀kan. Èyí kan lè wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kó má gbẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Òmíràn á wọ inú ọpọlọ bí omi tó dà sínú yanrìn, tí o kò ní mọ ibi tó parí sí. Tí dókítà bá mọ èwo ni èwo ní kíákíá, á mọ̀ bóyá kó ṣí orí lọ́la tàbí kó dúró. Lóòótọ́, àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n bá gé lára kókó ló máa ń sọ òkodoro, ṣùgbọ́n àwòrán ló máa ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gé e àti ibi tí wọ́n máa ti gé e.

Ìgbà tí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Òkè-Ìlewó gbé ẹ̀rọ MRI wọlé, mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, mo lọ bá wọn. Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ yẹn fi ń ṣiṣẹ́, kò sí ìtànṣán nínú rẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́ kọnkéré. A ó bọ́ aago, yẹtí àti irin irun kúrò lára aláìsàn kó tó wọlé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí bàbá kan gbàgbé sápò fò jáde, ó lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń tú àpò èèyàn wò bí ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà lè fi hàn! Kókó tó le nílò oúnjẹ púpọ̀, torí náà ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. MRI lè ya bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, kọ̀ǹpútà á sì kun ibi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí ní pupa. Bẹ́ẹ̀ náà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti há mọ́ra jù, omi kì í ráyè rìn láàárín wọn. MRI lè ya ìyẹn náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà, orí mi wú. Mo jókòó, mo ń ro ti Làmídì.

Ọdún karùn-ún mi níbẹ̀ ni Bùkọ́lá dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Èkó. Láti Abẹ́òkúta ló ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ láràárọ̀. Gìrì mú un nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rí kókó kan níwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá sọ́dọ̀ wa. Ohun kan ṣoṣo ni Bùkọ́lá bi mí kó tó dùbúlẹ̀: ṣé ọwọ́ ọ̀tún òun máa ṣì lè mú pẹ́ńsù?

Àwòrán tí gbogbo èèyàn máa ń yà ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Mo lọ bá dókítà wa tó ń ka àwòrán, Dókítà Fẹ́mi, pé kó jẹ́ kí n fi ti ẹ̀jẹ̀ àti ti omi kún un. Ó ní kò burú. Mo yà wọ́n. Bùkọ́lá kò mira rárá.

Ẹ̀yìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo rí ìwé tí Dókítà Fẹ́mi kọ. Ó ní etí kókó náà já gaara, kò tàn lẹ́yìn oògùn, ó jọ èyí tó ń rọra dàgbà, kí Bùkọ́lá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà. Mo padà lọ ṣí àwòrán ẹ̀jẹ̀. Kò sí pupa níbi kankan lára kókó náà, àyàfi igun kan lẹ́yìn, tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ó pupa. Mo wo ti omi, igun kan náà ló há.

Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti ka àwòrán. Dókítà ló ń kà á, èmi ń yà á ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dìde. Kí n tó lọ, mo kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà wò, torí mo mọ ohun tí dókítà máa bi mí.

Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún igun ẹ̀yìn yìí wò."

Kò gbójú sókè. "Mo ti rí i, Alhaja. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló gba ibẹ̀ kọjá."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí iṣan tó gba ibẹ̀."

Ó gbójú sókè nígbà náà. Mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé tí mo bá kọ èyí, wọ́n máa ṣí orí ọmọ yìí? Kókó náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń darí ọwọ́ rẹ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mo sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a kò bá kọ ọ́."

Ó fa àga kejì fún mi. A jọ jókòó, ó wọn igun náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi wé apá kejì ọpọlọ. Nígbà tó yá, ó fa ìwé tó ti kọ ya, ó gbé fóònù, ó pe dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ó fi àmì sí igun náà nínú àwòrán, ó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n ti gé ẹran fún àyẹ̀wò, kì í ṣe iwájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de èsì. Tí igun yẹn bá jẹ́ òfo, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí orí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run nínú gbogbo ìrun mi.

Dókítà Fẹ́mi ló wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́, ó ní oníṣẹ́ abẹ ti pe òun. Gbogbo iwájú kókó náà ló ń rọra dàgbà lóòótọ́. Igun ẹ̀yìn yẹn nìkan ló ti ń yí padà di èyí tó le. Ká ní iwájú ni wọ́n ti gé ẹran, wọn ì bá ní kò sí ewu. Wọ́n ti yọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọwọ́ ọmọ náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa fi ìtànṣán àti oògùn tọ́jú ìyókù. Ó wá ní, "Láti òní lọ, kò sí kókó ọpọlọ tí a máa yà níbí láìya ti ẹ̀jẹ̀ àti ti omi. Alhaja ló ni òfin yẹn." Mo sọ pé mo fẹ́ lọ mu omi. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo lọ, mo sunkún ayọ̀ níbẹ̀ títí mo fi rẹ́rìn-ín.

Òfin náà ṣì wà. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti gbé e lọ sí ibòmíràn, a sì ti tipa rẹ̀ rí àwọn mìíràn bíi ti Bùkọ́lá, àti àwọn kan tí a dá orí wọn sí láìṣí i, nítorí àwòrán fi hàn pé kókó wọn kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, mi ò ní tàn yín: ìdúró ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn á máa ro yín, orúkọ yín kò ní sí lára ìwé tí wọ́n bá gbé fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nídìí ibi tí ẹ̀mí èèyàn ti yí padà nítorí ohun tó tó ẹyọ ẹ̀wà, èmi ni mo sì rí i. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fi í pààrọ̀.

Ọjọ́ tí mo lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti ra àkàrà òyìnbó pamọ́ fún mi, wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ìwé aláìsàn tó gbẹ̀yìn ni mo gbé wò, orúkọ Bùkọ́lá ló wà níbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti ń wá fún àyẹ̀wò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ó ti wá di oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kò mọ̀ pé mò ń lọ. Mo yà á bí mo ṣe máa ń yà á, gbogbo rẹ̀ pé. Dókítà Fẹ́mi kà á, ó mi orí sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì pé ó dáa, ó sì ní kí n fi han ọmọ náà.

Bùkọ́lá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ó wo ibi tí kókó wà tẹ́lẹ̀ pẹ́, ó ń fi ìka tọ etí rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí wò. Ó wá yíjú sí mi.

"Màmá, ibi tí wọ́n wó yìí, kò sẹ́ni tó tíì kọ́ nǹkan síbẹ̀."

Mo ní, "Kò sí. Mo ti yẹ gbogbo igun wò."